Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Méjì Nínú Igbó Iyùn

Kí n tó bú yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Ẹni tí yóò gbá ìdọ̀tí ilé onílé, á kọ́kọ́ gbá ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Èmi Ẹfúnyẹlá, ọdẹ inú omi, arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti dúró dè é lọ́run, èmi ni òmùgọ̀ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kó ara yín jọ sábẹ́ igi àgbọn mi, tí ẹ gbé okùn mi pamọ́ bí ẹni gbé ọ̀bẹ pamọ́ fún ọmọdé, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkejì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Tó bá kàn yín, a ó mọ ẹni tí ẹ̀rín yóò kù sí lẹ́nu.

Ìwà òmùgọ̀ mi nìyí. Gbogbo ẹni tí a bí sí Ẹ̀bá-Ọ̀sà ló mọ̀ pé obìnrin òmùwẹ̀ kì í dá mòòkùn. Okùn kan ni, ènìyàn méjì. Ọ̀kan á so okùn mọ́ ìdí, á rì wọ inú òkun. Èkejì á jókòó sínú ọkọ̀, á di orí okùn mú, á máa ki oríkì ẹni tó rì. Oríkì yẹn la fi ń wọn èémí. Bó bá ti parí, ẹni inú ọkọ̀ á fa okùn, ẹni ìsàlẹ̀ ì báà di wúrà mọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe oríkì obìnrin òmùwẹ̀ ní ìwọ̀n àyà rẹ̀, bí a ti ń ṣe bàtà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀. Bó bá sì ti ń dàgbà, a máa ń gé e kúrú, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èmi, kàkà kí n gé tèmi, ńṣe ni mo ń fi kún un. Bí èémí mi ti ń kúrú ni oríkì mi ń gùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, "Ẹfúnyẹlá, ọmọ a-mòòkùn-má-mumi" ló fi bẹ̀rẹ̀, "a-rẹ́rìn-ín-pàdé-ìgbì" ló sì fi parí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí, mo fi "a-dẹ́rù-ba-ọ̀nì" kún un. Nígbà tí ọkọ wa kú, mo fi "ẹni tó fa ekurá ní irùngbọ̀n títí ekurá fi tọrọ gáfárà" lé e. Ekurá, ẹja apẹranjẹ inú òkun, kò ní irùngbọ̀n. Mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi fà á ni? Nígbà tí orí mi fi funfun tán, ẹni tó bá ń ki mi látòkè délẹ̀ lè gbé ẹ̀wà kaná kó sì jinná kó tó kan orúkọ bàbá mi. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n wà lómi títí oríkì yẹn fi parí, òkú mi ni wọn ì bá fi gbogbo ìyìn yẹn fà sókè. Ìyìn ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rì mí.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó kàn yín.

Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Òmùwẹ̀, tí irun yín ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ jókòó ẹ ṣe òfin. Ẹ ní obìnrin tó bá ti hu ewú kò gbọdọ̀ wọ omi tó bá kọjá orúnkún mọ́. Ẹ ní ká lọ máa ṣa ẹ̀wà. Fámúrewà, olórí yín, ọmọ ọmọ mi tí èmi fúnra mi gbẹ̀bí rẹ̀, tí mo gbá ìdí rẹ̀ kó tó mọ ẹkún sun, òun ló wá dúró síwájú mi lánàá tó ní, "Ìyá àgbà, ẹ ti lọ lọ́dún tó kọjá, ẹ sì bọ̀ láyọ̀. Kí lẹ tún ń wá? Ẹ jẹ́ kí ara ó sinmi." Mo dákẹ́ lánàá nítorí pé iṣu wà lẹ́nu mi. Lónìí, ẹnu mi ṣófo. Fámúrewà, bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àwọn àkísà mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ báyìí. Jókòó.

Ẹ mọ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin òmùwẹ̀, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé Igbó Iyùn nísàlẹ̀ òkun, á bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, á fi kọ́ ẹ̀ka iyùn, kí òkun lè mọ̀ ọ́n ní ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n kó tó kú, ó gbọdọ̀ padà lọ mú un. Òun fúnra rẹ̀ ni o, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lo okùn kan. Kò sí ẹ̀dá kẹta tí ọwọ́ rẹ̀ lè kàn án. Bó bá kú láìmú un, òkun ló ni ín nìyẹn. Kò ní lè padà sílé ara rẹ̀ mọ́. Wọn ò ní bí i ní Yétúndé fún ọmọ ọmọ rẹ̀ kankan. Ẹja ni yóò máa jẹ́ kiri, ẹja tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀, tí ẹnìkan ò ní pè wálé jẹun láéláé.

Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ló wà lórí ẹ̀ka kan náà, tèmi àti ti Àwẹ̀ró. Orogún mi ni, òun ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn tó kọ etí òsì sí mi. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé etí yẹn ò gbọ́ràn ni; ó ń fi etí tó kú gbọ́ ìtàn mi kó lè sùn. Ọjọ́ kan náà la fi ìlẹ̀kẹ̀ wa sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni omi bẹ́ etí yẹn, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti rì mọ́. Òun ló wá ń di okùn mi mú. A ti jà lórí ọkọ. A ti jà lórí iyọ̀. A ti jà lórí ẹni tó ni adìyẹ, adìyẹ ọ̀hún sì ti kú kí ìjà tó parí. Ṣùgbọ́n a ò jà lórí okùn rí. Níwọ̀n ìgbà tí kò lè rì, ẹrù ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì wà lọ́rùn mi.

Nígbà tó di èṣí, mo ní kí n lọ mú wọn kí ikú tó bá mi ṣeré. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ ètò. A yan ìgbà tí ẹ̀fúùfù bá rọlẹ̀ tí omi bá mọ́ gaara, nítorí ọ̀dọ́ lè bá ìgbì wọ̀dìmú, àgbà a máa dúró kó kọjá ni. Àwẹ̀ró ní n kò gbọdọ̀ mu ẹmu mọ́, n kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀wà, pé ẹni tó bá rì pẹ̀lú ẹ̀wà nínú, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ léfòó. Mo gbà, mo sì ń bú u.

Lójoojúmọ́, mo pọn omi kún ìkòkò ńlá ẹ̀yìnkùlé, mo ti orí bọ̀ ọ́, mo na ìdí sókè, mo ń kọ́ àyà mi bí yóò ti mú èémí pẹ́. Àwẹ̀ró á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé orín ló ń rún. Lọ́jọ́ kan, òbúkọ rẹ̀, ẹran burúkú tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, rí ìdí ràbàtà yìí tó ń mì, ó rò pé òbúkọ mìíràn ló ń pe òun níjà. Ó sáré láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó kàn mí. Èmi àti ìkòkò la jọ ṣubú. Ìkòkò fọ́. Èmi náà, tí kì í bá ṣe pé Elédùà fún mi ní ẹran níbẹ̀ dáadáa, ǹ bá ti fọ́. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ó fi tọ̀ sára. Ẹ bi í bóyá irọ́ ni.

Àwa méjèèjì gbéra. Ẹ má bi mí lọ́nà tí a gbà. Ọdẹ kì í júwe ọ̀nà fún ẹni tó gbé okùn rẹ̀ pamọ́.

Ìlú tí a kọ́kọ́ kàn ni Ìlú Elétí-Kókò, níbi tí etí àwọn ará ibẹ̀ ti fẹ̀ bí ewé kókò, tí wọ́n ń fi etí ọ̀tún ṣe ìtẹ́lẹ̀ ẹní, tí wọ́n ń fi etí òsì bora. Àgbà kankan kì í kọjá lọ sí òkun láìjẹ́ pé ọba wọn gbọ́ àyà rẹ̀. Ọba náà wò mí látòkè délẹ̀, ó yíjú sí àwọn ìjòyè rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ta ló gbé òkú wá sí ààfin òun láìfi aṣọ bò ó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo gbá etí ọba. Etí fífẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ṣì í? Ó dún bí àwo irin. Àwọn ìjòyè yọ idà, Àwẹ̀ró wọ abẹ́ ìjókòó, ṣùgbọ́n ọba gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dá mi dúró síwájú òun. Ó gbé etí lé mi láyà, etí ọ̀hún bò mí láti ọrùn dé ìdodo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń gbọ́ jáde lójú gbogbo ayé. Ó ní òun gbọ́ ìjà orí iyọ̀. Ó ní òun gbọ́ ẹkún ọjọ́ tí ọkọ wa kú, pé ó ṣì wà níbẹ̀ odindi, pé mi ò tíì sun ún tán. Ó tún ní òun gbọ́ ẹja yíyan tí ìyá Àwẹ̀ró fi ránṣẹ́ sí i nígbà tó lóyún àkọ́kọ́, tí mo ní ológbò ló jẹ ẹ́. Orí Àwẹ̀ró yọ lábẹ́ ìjókòó.

Nígbà tó gbọ́ tán, ó nu ojú, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ọkàn yìí ti gbó," ó ní, "ṣùgbọ́n ìbínú ń fẹ́ ẹ bí ẹwìrì, kò jẹ́ kí iná rẹ̀ kú. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni kó rì lọ́dún, kò gbọdọ̀ pé méjì. Kó sì gòkè bí èéfín, kó má gòkè bí òkò."

Fámúrewà, ṣé o gbọ́? Ọba elétí gbọ́ àyà mi kó tó sọ̀rọ̀. Ìwọ, orí mi lo wò. Ṣé irun ni mo fi ń mí ni?

A kúrò níbẹ̀, a wọ Igbó Asáré-gòkè létí òkun. Iwin ló kún ibẹ̀, àwọn tó jẹ́ òmùwẹ̀ nígbà ayé wọn, tí wọ́n fi ìkánjú bọ́ sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Oríkèé wọn ti lọ́, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Ara wọn wú bí àpò tí afẹ́fẹ́ kún. Ọ̀gá wọn, tí orí rẹ̀ tó odó, dí ọ̀nà mọ́ wa, ó ní a ò ní kọjá àfi tí a bá já àlọ́ òun. Ó ní ẹrù wo ló fúyẹ́ tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, tó wúwo tí a bá ń gòkè?

Oòrùn ń pa mí. Orúnkún ń dùn mí. Ebi ẹ̀wà ń pa mí. Mi ò ronú rárá, mo kàn bú u.

"Ojúkòkòrò rẹ ni, ìwọ olórí odó. Òun náà ló sọ ẹ́ di báyìí."

Omi wá sójú iwin náà, ó fẹ̀gbẹ́ rìn kúrò lọ́nà, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Èébú mi ni ìdáhùn. Mo tún ìró mi ró, mo ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n látilé, ọdẹ ńlá ni mí kẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi àlọ́ yẹn sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá dè mí nísàlẹ̀.

A wa ọkọ̀ dé ojú Igbó Iyùn. Àwẹ̀ró so okùn mọ́ mi ní ìdí, ó fà á wò, ó tún un so. Mo mí kanlẹ̀, mo sì rì.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi kò yé yín. Lórí ilẹ̀, arúgbó ni mí: ẹsẹ̀ kan ń bẹ èkejì, ẹ̀yìn ń pe ọlọ́run rẹ̀. Bí omi bá ti bo orí mi, orúnkún kì í dùn mí mọ́. Mi ò wúwo ju ìyẹ́ lọ. Ibẹ̀ nìkan ló kù láyé tí ẹnìkan kì í na ọwọ́ sí mi pé kí n rọra.

Igbó náà yọ sí mi. Iyùn ya ẹ̀ka bí igi ìrókò, àwọn kan pupa, àwọn kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo tuntun. Ẹja wẹẹrẹ ń wọlé wọn bí ẹyẹ tó ń wọ̀. Ẹja àgbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tóbi tó ilé ìdáná, ewéko òkun sì hù sí i ní àgbọ̀n bí irùngbọ̀n. Nínú ara mi mo ní, ẹ wò ó, irọ́ ekurá onírùngbọ̀n mi ti di òótọ́. Nísàlẹ̀ omi, ojú la fi ń fọhùn. Ó fi ojú sọ fún mi pé òun rántí mi, àti pé ìdí mi ti tẹ́. Mo fi ojú sọ fún un pé àgbọ̀n tirẹ̀ náà ń fẹ́ abẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, ìbínú gbé mi. Apá kan igbó náà ti funfun bí egungun tí ajá lá. Mo bi ẹja náà léèrè ẹni tó ṣe é. Ó ní òkun ló ń gbóná, pé bí ara bá gbóná fún iyùn, á hu ewú, ẹ̀ka tó bá sì hu ewú kì í pẹ́ kó tó dá. Ó mú mi dé ìdí ẹ̀ka tiwa. Ó ti funfun dé ìdajì.

Ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, iyùn ti hù bò wọ́n. Ó di kí n máa fi èékánná họ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró tó ń bá okùn bọ̀, ó ń gbọ̀n mí ní ìdí: "Ẹfúnyẹlá, ọmọ a-mòòkùn-má-mumi." Mo ṣírò rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oríkì dé a-dẹ́rù-ba-ọ̀nì, n ó tú tirẹ̀. Láti ọ̀nì kọjá ekurá dé orúkọ bàbá mi, n ó tú tèmi, n ó tún rí àyè kí ẹja àgbà pé ó dàbọ̀.

Kí ló dé tí mo fi kọ́kọ́ tú tirẹ̀? Mo ti bi ara mi. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ pé kí n lè fi bú u títí ayé ni, pé èmi ni mo lọ bá ọ mú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ, ìwọ elétí kan. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé èmi ṣì lè padà wá, òun ò lè padà wá láéláé. Ẹ mú èyí tó bá wù yín.

Tirẹ̀ jáde. Mo fi kọ́ ọrùn. Mo ti ki èékánná bọ tèmi, mo ti tú u dé ìdajì, ohùn inú okùn sì kan ọ̀nì. Okùn fà. Mo rò pé ìgbì ni. Okùn tún fà, ó fà tagbáratagbára. Àwẹ̀ró ti gé oríkì mi. Ó gé ekurá, ó gé bàbá mi, ó gé gbogbo ògo tí mo fi ọdún gbọọrọ kó jọ. Inú bí mi débi pé mo la ẹnu bú u nísàlẹ̀ omi, omi sì wọlé wá bá èébú lẹ́nu mi. Mo dì mọ́ ẹ̀ka. Ó ń dún pẹpẹ lọ́wọ́ mi. Okùn ń fà mí lókè, ìlẹ̀kẹ̀ ń fà mí nísàlẹ̀, ojú mi ń ṣú. Ìgbà náà ni olórí odó yọ sí mi lọ́kàn pẹ̀lú àlọ́ rẹ̀, pé ẹrù wo ló wúwo tí a bá ń gòkè.

Mo jọ̀wọ́ ẹ̀ka.

Mo gòkè bí èéfín, bí ọba ti wí. Nígbà tí mo dé inú ọkọ̀, mo bú Àwẹ̀ró títí a fi dé èbúté. Ó fi ara balẹ̀ dá mi lóhùn pé kì í ṣe orín lòun ń rún lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi orí bọ ìkòkò. Oríkì mi lòun ń kì, kò sì sí ọjọ́ kan tí orí mi kò jáde ní ibi ọ̀nì. Ó ní ibẹ̀ ni èémí mi dé, ìyókù ẹnu ni. Òótọ́ ni. Bí kò bá gé e, ẹ̀yin ì bá ti jẹ ẹran ìsìnkú mi tán, ẹ ì bá ti máa ráhùn pé kò tó. Mo ṣì ń bínú síbẹ̀.

Nígbà tí mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn fún un, ó di í mọ́ àyà, ó ń sunkún bí ọmọ jòjòló, ó sì bi mí níbi tí tèmi wà. Mo ní ó wà nídìí mi, lábẹ́ ìró. Ta ló ń tú ìró arúgbó wò? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe gbà pé mo mú méjèèjì bọ̀, ẹ sì jó. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ọdún ti yí, Fámúrewà. Ẹ̀ka yẹn ń funfun lọ, bó bá dá, ìsàlẹ̀ tí ẹnìkan ò lè dé ni ìlẹ̀kẹ̀ mi yóò rọ̀ sí. O bi mí léèrè kí ni mo tún ń wá. Ilé ni mo ń wá. Ọ̀nà tí n ó gbà padà wọ ilé yìí, tí ìyàwó rẹ yóò fi gbé mi pọ̀n, tí n ó fi tọ̀ sí i lẹ́yìn, ni mo ń wá. Ìwọ gbé okùn mi pamọ́ nítorí irun. Lọ gbé e wá.

Kí ló dé tí gbogbo yín ń wo ẹ̀yìn mi?

Àwẹ̀ró ni. Mi ò mọ ìgbà tó yí etí rere sí mi, mi ò sì mọ ìgbà tó dìde. Ó ti dúró tì mí báyìí, ó di orí okùn mú. Abẹ́ aṣọ rẹ̀ ni ó ti fà á yọ, àṣé òun ni ẹ gbé e fún láti pa mọ́.

"Ẹfúnyẹlá," ó ní, "dìde dúró. Tú ìró rẹ, kí n fọwọ́ kan ìdí rẹ kí n tó so okùn."